Àwọn Ọ̀nà tí Awakọ̀ Akẹ́rù Kì í Fẹ́ Gbà

Ẹ ti mọ lẹ́tà, ẹ sì ti ń ka gbólóhùn. Ó tó àkókò nísinsìnyí kí a jọ máa ka ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá lójoojúmọ́. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù àti ọ̀nà tí ó ń gbà ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ní Ọ̀tọ̀ wa yìí, láàárín Ọyìngbò àti Ìddó, kò sí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹlòmíràn nínú yín ń ta iṣu tàbí ata tí ọkọ̀ gbé wá. Ẹlòmíràn ń bá wọn já ẹrù. Ẹlòmíràn jẹ́ ìyàwó awakọ̀ tàbí ìyá rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, gbogbo wa ni a ń wo ọ̀nà. A ó máa sọ pé, "Awakọ̀ yìí ti tún yà síbì kan." Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà ni ó dá a dúró.

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn awakọ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹun, ẹ ó gbọ́ orúkọ àwọn ibì kan tí wọn kì í dá láìmí kanlẹ̀: Ojúẹlẹ́gbà, Òrè, Mókwà, Àpápá, Sẹ̀mẹ̀. Kí ló dé tí ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ fún 20 ọdún fi ń bẹ̀rù ibì kan, tí kò sì bẹ̀rù ibòmíràn? Kì í ṣe ojo. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ohun tí awakọ̀ ń sá fún yìí kì í ṣe ekòló. Ejò gan-an ni. Ìdí sì wà fún ẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìdí náà yóò lè dáàbò bo ara rẹ̀, bí kò tilẹ̀ wa ọkọ̀ rí.

Bí ẹrù ṣe kúrò lórí irin bọ́ sórí títì

Láyé àtijọ́, ojú irin ni ó ń gbé ẹrù tí ó wúwo. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ní ọdún 1901, wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ láti Èkó dé Kánò. Ìddó níhìn-ín ni ibùdókọ̀ rẹ̀. Kòkó, ẹ̀pà, òwú àti màlúù ń gba orí irin wá sí Èkó. Iṣẹ́ lọ́rì nígbà náà ni láti kó ẹrù láti oko àti láti ìletò wá sí ibùdókọ̀.

Lẹ́yìn náà, agbára ojú irin dín kù. Lọ́rì di púpọ̀, wọ́n sì ń tóbi sí i. Nígbà tí ó yá, tírélà dé. Òótọ́ ni pé ìjọba ṣí ojú irin tuntun ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 2021, láti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Ìbàdàn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157. Síbẹ̀, orí títì ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ẹrù wa ṣì ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó. Kọ̀ǹtéńà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40, òun àti ẹrù inú rẹ̀ lè tó tọ́ọ̀nù 30. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Nítorí náà, tọ́ọ̀nù 30 jẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì 600. Ẹ wo àpò 600 tí ó ń sáré lórí táyà! Ẹni tí ó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lójijì, kò sì lè yà lójijì.

Ohun mẹ́rin ni ó ń mú kí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ kórìíra ọ̀nà kan. Èkíní ni òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Èkejì ni títì tí ó bàjẹ́. Ẹ̀kẹta ni ìdúró pípẹ́. Ẹ̀kẹrin ni àwọn ènìyàn tí ó ń dá ọkọ̀ dúró lọ́nà. A ó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Afárá Ojúẹlẹ́gbà wà ní Sùúrùlérè, kò jìnnà sí wa. Ọkọ̀ tí ó ti Àpápá àti Ìjọ́ra wá, tí ó ń lọ sí ọ̀nà Ìkòròdú, orí rẹ̀ ni yóò gbà. Nísàlẹ̀ afárá náà, èrò pọ̀ bí omi: àwọn tí ó ń wọ bọ́ọ̀sì, àwọn tí ó ń tajà, àwọn ọmọ iléèwé.

Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2015, kọ̀ǹtéńà kan já bọ́ láti orí afárá yìí sórí ọkọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Ènìyàn 3 kú. Ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2023, kọ̀ǹtéńà tún já lu bọ́ọ̀sì akérò kan níbẹ̀. Ènìyàn 9 kú. Obìnrin kan ni wọ́n fà yọ láàyè.

Kí ló ń fa irú èyí? Ẹ wo obìnrin tí ó ru igbá ńlá sórí. Bí ó bá ń rìn ní ọ̀nà tí ó tẹ́jú, igbá kì í mì. Bí ó bá ń gun òkè tí ó sì tún ń yà, yóò fi ọwọ́ di igbá náà mú. Bí kò bá dì í mú, igbá yóò bọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹtéńà. Ó ga, ó sì wúwo lókè. Orí afárá ní òkè, ó sì ní ibi tí ó ti yí. Ọwọ́ tí ó yẹ kí ó di kọ̀ǹtéńà mú ni àwọn irin ìdè tí ó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti irin náà pa, ọkọ̀ àti kọ̀ǹtéńà di ara kan. Bí wọn kò bá tì í, kọ̀ǹtéńà kàn jókòó lásán ni.

Ẹ ó bi wá pé, "Ta ni yóò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láìdè é?" Lára ọkọ̀ mìíràn, irin ìdè ti dógùn-ún tàbí kí ó ti sọnù. Àwọn mìíràn sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. Wọ́n rò pé bí kọ̀ǹtéńà bá fẹ́ ṣubú, kí ó dá nìkan ṣubú, kí ó má fa ọkọ̀ lọ. Wọ́n ń ro ti ọkọ̀, wọn kò ro ti ẹni tí ó wà nísàlẹ̀.

Bí gígun òkè ti le tó, sísọ̀ kalẹ̀ tún le jù ú lọ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì ra ara wọn kíákíá. Ẹ ó rí i pé wọ́n ń gbóná. Bí ìjánu ọkọ̀, tí a ń pè ní bíréèkì, ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ohun kan ń ra ohun kan kí táyà lè rọra yí. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti orí òkè títí dé ìsàlẹ̀, bíréèkì náà yóò gbóná janjan, kò sì ní mú mọ́. Nítorí náà, awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ kì í fi bíréèkì nìkan sọ̀ kalẹ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ni yóò ti kó ọkọ̀ sí jíà kékeré, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè máa fà á sẹ́yìn.

Àwọn awakọ̀ àtijọ́ tí ó ń lọ sí Enugu mọ òkè kan tí wọ́n ń pè ní Milliken Hill. Ọ̀nà rẹ̀ ń lọ́ bí ejò, ọ̀gbun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í sùn bí lọ́rì bá ń gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Igi ìdènà tí wọ́n ń pè ní wẹ́ẹ̀jì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ yí padà sẹ́yìn, yóò fò sílẹ̀, yóò sì fi igi náà há ẹ̀yìn táyà.

Lóde òní, Felele ní Lọ́kọ́ja jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2020, ọkọ̀ táńkà epo kan pàdánù ìjánu níbẹ̀, ó kọlu àwọn ọkọ̀ mìíràn, iná sì sọ. Ènìyàn 23 ni ó kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Ní ẹ̀bá Èkó níhìn-ín, afárá Otedola wà ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀nà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹfà, ọdún 2018, táńkà epo kan ṣubú níbẹ̀, iná sì ràn. Ènìyàn 9 kú, ọkọ̀ tí ó jóná lé ní 50.

Epo inú táńkà tún ní ìwà tirẹ̀. Ẹ pọn omi sínú korobá, kí ó má kún, kí ẹ sì máa gbé e sáré. Omi náà yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, yóò sì máa fa ọwọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ ni epo ṣe ń fa táńkà bí ọkọ̀ bá yà lójijì. Epo bẹntiróòlù tí ó jẹ́ lítà 33,000 wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 24.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń la ọ̀nà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó gùn, wọ́n á sì kó iyanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ bá já yóò yà síbẹ̀, iyanrìn yóò sì gbà á dúró. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ìbá ṣe àwọn awakọ̀ wa láǹfààní púpọ̀.

2. Títì tí ó bàjẹ́

Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ pé, "Ó le kú, ìjà Òrè." Ogun abẹ́lé ni ó bí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun pàdé ní Òrè ní ọdún 1967. Òrè ni oríta tí ọ̀nà Èkó, ti Oǹdó àti ti Benin ti pàdé. Ogun ti parí ní ọdún 1970, ṣùgbọ́n awakọ̀ ṣì bá ọ̀nà ibẹ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní nǹkan bí ọdún 2009, kòtò ti pọ̀ lórí ọ̀nà Òrè sí Benin dé ibi pé ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó dé lọ́jọ́ kan náà a máa sùn lọ́nà.

Kí ni ó ń ba títì jẹ́? Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Bí ọ̀dà bá sán díẹ̀, òjò yóò gba ojú sísán náà wọ inú ilẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ yóò rọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ oní tọ́ọ̀nù 30 bá kọjá, ibẹ̀ yóò wọlé, yóò sì di kòtò. Kòtò yóò gba omi sí i. Ilẹ̀ igbó tí òjò ti ń rọ̀ púpọ̀, bíi ti Òrè, kò lè ṣe aláìrí èyí bí wọn kò bá ń tún un ṣe lásìkò. Ọ̀tá kejì ni ẹrù àpọ̀jù. Ọkọ̀ tí ó ru ju agbára rẹ̀ lọ ń ba ọ̀nà jẹ́ fún ara rẹ̀ àti fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kòtò fúnra rẹ̀ kì í sábà pa ènìyàn. Ohun tí awakọ̀ ń ṣe láti yẹra fún un ni ó ń pani. Yóò yà sí apá òsì, yóò yà sí apá ọ̀tún. Nígbà mìíràn, yóò fi ojú ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, yóò bọ́ sí ti ẹni tí ó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ méjì ti ń forí gbárí.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Òkè Ọya. Ẹrù tí ó ń ti Kánò, Kàdúná tàbí Ṣókótó bọ̀ wá sí Èkó gbọ́dọ̀ sọdá odò Ọya. Ọ̀pọ̀ ń gba Jẹ́bbà kọjá. Láti Kánò dé ọ̀dọ̀ wa tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2017, òjò ńlá rọ̀, omi sì wó afárá Tatabu lórí ọ̀nà Mókwà sí Jẹ́bbà. Ọ̀nà gé. Ọkọ̀ tí ó ru tòmátò, tí ó ru àlùbọ́sà, tí ó ru màlúù, gbogbo wọn tò síbẹ̀. Ní ìparí oṣù karùn-ún, ọdún 2025, omíyalé tún ya wọ ìlú Mókwà fúnra rẹ̀, ó sì pa ju ènìyàn 150 lọ. Nítorí náà, bí òjò bá ti ṣú, awakọ̀ tí ó wà lọ́nà náà kì í ro bí ó ṣe ń kan òun nìkan. Yóò máa ro bóyá afárá iwájú ṣì wà.

3. Ìdúró pípẹ́

Àpápá kò ní òkè, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà. Ẹni tí ó bá dúró sí Ìjọ́ra lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá dárúkọ Àpápá fún awakọ̀ akẹ́rù, yóò mi orí.

Èbúté ọkọ̀ ojú omi méjì ni ó wà níbẹ̀, Àpápá àti Tin Can. Ní ọdún 1977 ni wọ́n ṣí Tin Can. Àwọn ibi tí wọ́n ń tọ́jú epo bẹntiróòlù sí tún wà nítòsí wọn. Nítorí náà, tírélà tí ó wá gbé kọ̀ǹtéńà, èyí tí ó wá dá kọ̀ǹtéńà òfìfo padà, àti táńkà tí ó wá gba epo, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń dù. Ọ̀nà náà sì bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín ọdún 2017 sí 2020, ẹ̀yin ará Ọ̀tọ̀ fi ojú ara yín rí i. Ìlà tírélà gba orí afárá Ìjọ́ra, ó dé orí Eko Bridge àti ọ̀nà Western Avenue. Ní apá kejì, ìlà mìíràn gba Máìlì 2 lọ sí ọ̀nà Òṣòdì.

Awakọ̀ a máa lo ọ̀sẹ̀ kan, tàbí ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìlà náà. Abẹ́ ọkọ̀ ni ilé rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì ni balùwẹ̀ rẹ̀. Kò lè fi ọkọ̀ sílẹ̀, nítorí olè yóò jí bátìrì. Kò lè sùn àsùndọ́kàn, nítorí ìlà lè sún. Owó tí ó yẹ kí ó mú lọ sílé, ó ti fi jẹun tán sójú ọ̀nà. Bí ó bá wá rí ẹrù gbé, yóò máa sáré kí ó lè rí ọjọ́ tí ó sọnù gbà padà. Ẹni tí oorun ń kùn, tí ó sì ń kánjú, tí ó gbé tọ́ọ̀nù 30, òun ni ó ń bọ̀ wá gun afárá Ojúẹlẹ́gbà. Ẹ rí i bí ìyà Àpápá ṣe ń rìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò dé Àpápá rí.

Ní ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 2021, àjọ tí ó ń ṣe àkóso èbúté bẹ̀rẹ̀ ìlànà tuntun. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Ètò, ọ̀rọ̀ Yorùbá wa gan-an. Ìlànà náà ni pé kí ọkọ̀ máa dúró sínú gáréèjì títí wọn yóò fi pè é. Orí fóònù ni ìwé ìpè náà ń gbà wọlé. Ìlà dín kù lẹ́yìn náà, bí ìráhùn kò tilẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Awakọ̀ tí kò mọ̀wé kò lè ka ìpè tirẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò kà á fún un, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí ó tàn án jẹ. Nítorí náà, ẹ bá wa sọ fún àwọn awakọ̀ tí ó wà ládùúgbò yín pé àyè wà fún wọn ní kíláàsì wa.

4. Àwọn tí ó ń dá ọkọ̀ dúró

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ìbọn dá ọkọ̀ dúró. Fún ọdún mélòó kan, ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná di ọ̀nà ìbẹ̀rù nítorí àwọn ajínigbé. Awakọ̀ a máa dúró de ara wọn, kí wọ́n lè jọ rìn ní ọ̀wọ́. Ẹlòmíràn kì í rìn lóru rárá. Bí ó bá rí igi ní àárín ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá igi tí ó wó ni tàbí igi tí wọ́n gbé síbẹ̀.

Àwọn mìíràn kò gbé ìbọn, owó ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀nà Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀ ni ọ̀nà tí ó gba Kútọnu, Lomé àti Accra lọ sí Abidjan. Ọ̀nà ńlá ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn arìnrìn-àjò ti ń ráhùn pé ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀ pọ̀ jù. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2019, ìjọba ti ẹnubodè náà pa fún ẹrù. Ó di oṣù kejìlá, ọdún 2020, kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ jókòó sílé fún ọdún kan àti oṣù mélòó kan.

Ẹ má ṣe rò pé awakọ̀ nìkan ni owó ojú ọ̀nà ń dùn. Bí wọ́n bá gba owó níhìn-ín, tí wọ́n tún gbà á lọ́hùn-ún, inú owó ata ni yóò ti yọ. Ìyá aláta yóò gbé e lé orí ọjà, ẹni tí ó fẹ́ se ọbẹ̀ yóò sì san án. Ní ìparí oṣù kejì, ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn tí ó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya sọ pé àwọn kò ní kó wọn wá sí ìhà tiwa mọ́. Ohun tí wọ́n ń bínú sí ni ẹ̀mí àti dúkìá tí ó ṣòfò nínú ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àti owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀ lójú ọ̀nà. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí owó tòmátò, àlùbọ́sà àti ẹran fi fò sókè ní Èkó. Nígbà náà ni ẹni tí kò ro ti awakọ̀ rí wá mọ̀ pé awakọ̀ wà.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti wà láti oṣù kejì, ọdún 1988. Wole Soyinka ni alága wọn àkọ́kọ́, òun tí ó kọ eré The Road nípa àwọn awakọ̀ ní ọdún 1965. Iṣẹ́ wọn ni láti yẹ ọkọ̀ wò, kí wọ́n sì mú ẹni tí kò de ẹrù rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba sì ni láti tún títì àti afárá ṣe kí wọ́n tó wó. Awakọ̀ pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe Kìrìsítẹ́nì, ìbáà sì máa bọ Ògún, kí ó gbàdúrà, lẹ́yìn náà kí ó yẹ bíréèkì wò.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwa náà wà. Ẹ kà á, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé yín.

Èkíní, ẹ má ṣe dúró tàbí kí ẹ pàtẹ ọjà sábẹ́ afárá tí kọ̀ǹtéńà ń gbà. Bí ẹ bá wà nínú bọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà, ẹ sọ fún awakọ̀ yín pé kí ó yára kọjá tàbí kí ó dúró lẹ́yìn tí ó jìnnà.

Èkejì, bí táńkà epo bá ṣubú, ẹ sá. Ẹ má ṣe gbé korobá lọ. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, táńkà kan ṣubú ní Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa. Àwọn ènìyàn lọ gbọ́n epo. Iná sọ, ó sì pa ju ènìyàn 140 lọ. Ní ọjọ́ 18, oṣù kìíní, ọdún 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní oríta Dikko ní ìpínlẹ̀ Niger, ó sì pa ju 80 lọ. Ooru epo ń fò káàkiri bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Iná kékeré tí ó jìnnà lè ràn án. Kò sí epo ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Ikú ni ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù, ẹ má ṣe bẹ awakọ̀ pé kí ó fi àpò méjì sí i nígbà tí ọkọ̀ bá ti kún. Ẹ ka wébìlì yín fúnra yín. Ẹ wo iye àpò tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ti de ẹrù dáadáa.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe jókòó sórí ẹrù, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dànù, ẹrù ni yóò kọ́kọ́ wó lu ẹni tí ó wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe da pàǹtírí sí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì. Omi tí kò bá rí gọ́tà gbà, orí títì ni yóò gbà. Kòtò tí ó bá dá ni yóò pa ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹfà, ẹ kọ nọ́ńbà yìí sára ògiri: 122. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni, bí jàm̀bá bá ṣẹlẹ̀. Ní Èkó, ẹ tún lè pe 112.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó ń sọ pé ọjà Ọyìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Òótọ́ ni. Bí ọkọ̀ kan kò bá dé, ọjà yóò ná. Ṣùgbọ́n ilé awakọ̀ mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì mọ̀. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá sọ pé òun kò ní gba ọ̀nà kan lóru, tàbí pé òun fẹ́ dúró kí bíréèkì tutù, ẹ má ṣe bú u. Ẹ jẹ́ kí ẹrù pẹ́, kí ènìyàn sì dé.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Àwọn ohun mẹ́rin wo ni ó ń mú kí awakọ̀ kórìíra ọ̀nà kan?
2. Kí ni iṣẹ́ irin ìdè tí ó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀?
3. Èéṣe tí awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ kì í fi bíréèkì nìkan sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè?
4. Báwo ni omi ṣe ń ba títì jẹ́?
5. Kí ni ẹ ó ṣe bí táńkà epo bá ṣubú ní àdúgbò yín?
6. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sínú ìwé yín láìwo inú ìwé yìí.